Wíwá Ibi Tó Bàjẹ́ Nínú Ẹ̀rọ Láàbù Tó Ń Pèsè Fóltéèjì Tó Sì Ń Wọn Ìṣàn Iná

Ohun méjì ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo yìí. Àkọ́kọ́ ni orísun fóltéèjì, tó sábà máa ń lọ láti 0 V títí dé 500 V, ní ìhà pọ́sítífù àti ìhà nẹ́gátífù. Èkejì ni mítà tó ń wọn ìṣàn iná, láti 2 mA wá sílẹ̀ títí dé pA (nínú mA, µA, nA, pA àti fA, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún èyí tó ṣáájú rẹ̀), iye tó kéré débi pé ìka tó kan ike inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó láti da kíkà rẹ̀ rú. Ẹni tó ń lò ó a máa fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́rìí èkejì láìfura. Ó fi 100 V ránṣẹ́ sínú rẹ̀sísítọ̀, nọ́mbà tí mítà kà kò bá ìṣirò mu, ló bá ní mítà ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ fóltéèjì ni kò jáde pé, ó sì lè jẹ́ kéébù àárín ló ń jò. Nítorí náà, ẹ ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, kí ẹ fi irinṣẹ́ mìíràn tó wà níta dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan.

Ewu tó wà nínú àpótí

Iná tó ń jáde níwájú ẹ̀rọ ní ààlà, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 2 mA. Ti inú kò ní ààlà. Kàpásítọ̀ 47 µF tó gba 600 V sára gbé agbára tó lé ní 8 J, ó sì lè dì í mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ plọ́ọ̀gì, pàápàá bí rẹ̀sísítọ̀ tó yẹ kó máa fà á dànù bá ti já. Ìyẹn lè pa ènìyàn.

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá fi rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ, 10 W, tí ẹ ti dè mọ́ orí ọ̀pá oníke, kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ní bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 10 kΩ máa ń fa fóltéèjì 47 µF wálẹ̀ sí bíi ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá 10 pọ̀ tó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi mítà wò ó. Bí ó bá ṣì lé ní 10 V, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi irin síkúrúù-dírẹ́fà so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀: iná tó máa ta pàrà níbẹ̀ ń jó bọ́ọ̀dù, ó sì lè ba dáyóòdù tó wà nítòsí jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ pàápàá. Apá tó ń wọn iná kò so mọ́ ilẹ̀. Kọ́mọ̀nù rẹ̀, ojú òdo tí wọ́n ti ń wọn fóltéèjì rẹ̀, lè fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóltì ga ju àpótí irin lọ. Kílíìpù ilẹ̀ tó wà lára oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fóltéèjì) ní tirẹ̀ so mọ́ ilẹ̀ iná ilé. Bí ẹ bá so ó mọ́ kọ́mọ̀nù yìí nígbà tí fóltéèjì wà níbẹ̀, ẹ ti sọ méjèèjì di ọ̀kan nìyẹn, ohun tó máa jó á sì jó. Máltímítà oníbátìrì tó gba 1000 V ni kí ẹ lò, tàbí próòbù oníhà méjì tí wọ́n ṣe fún fóltéèjì gíga.

Kéébù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ni kò ní àìsàn kankan. Kéébù tàbí ohun tí wọ́n ń wọ̀n ló ń tàn wọ́n jẹ. Ẹ tú gbogbo kéébù kúrò, ẹ fi ìdérí irin dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná ń gbà wọlé, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún wákàtí 1. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ìpele tó kéré jù. Kíkà rẹ̀ yẹ kó wà lẹ́bàá òdo, láàárín ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì ṣí ẹ̀rọ. Ẹ so kéébù nìkan padà, láìso ohunkóhun mọ́ ìparí rẹ̀, kí ẹ tún wò ó.

Bí nọ́mbà bá ń fò sókè sódò nígbà tí ẹ bá fi ìka tẹ kéébù tàbí tí ẹ bá ká a, ike inú rẹ̀ ló ń ra mọ́ wáyà híhun tó yí i ká, ìyẹn sì ń bí iná díẹ̀díẹ̀. Kéébù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ní ìpele graphite lábẹ́ wáyà híhun náà kí èyí má baà ṣẹlẹ̀. Kéébù tẹlifíṣọ̀n lásán kò ní in. Ẹ lẹ kéébù mọ́ tábìlì kó má lè mì.

Bí nọ́mbà bá dúró sójú kan ṣùgbọ́n tó jìnnà sí òdo, ìdọ̀tí tàbí ọ̀rinrin ni. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ rí i: 1 V péré lórí ike tó ń jò ní 10 GΩ ń fa 100 pA. Òróró ìka ọwọ́ kan ṣoṣo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọtí isopropyl tó mọ́ gaara àti aṣọ tí kì í ju òwú sílẹ̀ nu ike funfun inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tún wọ̀n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ yóò rí nọ́mbà tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò sì rò pé òun ti bà á jẹ́.

Iná tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ yí fóltéèjì padà kì í ṣe àìsàn. Ike tó ti gba iná sára ló ń tú u sílẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú.

Yíya méjèèjì sọ́tọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ orísun fóltéèjì. Ẹ so máltímítà mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè 1 V, 10 V, 100 V àti 500 V, ní pọ́sítífù, kí ẹ tó tún un ṣe ní nẹ́gátífù. Máltímítà tó ní 10 MΩ nínú ń fa 50 µA péré ní 500 V, kò lè ni orísun náà lára. Ẹ kọ gbogbo nọ́mbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹrù lé e: rẹ̀sísítọ̀ 100 kΩ mẹ́wàá tí ẹ so tẹ̀léra, kó di 1 MΩ. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́wàá ni pé rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan ṣoṣo kì í sábà gba ju 250 V lọ, bó ti wù kí ooru rẹ̀ kéré tó. Ní 500 V, ẹrù yìí ń fa 0.5 mA, fóltéèjì kò sì gbọ́dọ̀ sún. Ẹ tún dán ààlà iná wò: 10 V lórí 1 kΩ ń béèrè 10 mA, èyí tó kọjá agbára ẹ̀rọ tó mọ sí 2 mA, nítorí náà iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kí fóltéèjì sì wálẹ̀ sí bíi 2 V.

Mítà ló kàn. Ẹ pa orísun fóltéèjì tàbí kí ẹ tú u kúrò. Ẹ fi bátìrì 9 V àti rẹ̀sísítọ̀ 10 MΩ tó péye dé 1% sínú agolo irin kékeré, ẹ so agolo náà mọ́ wáyà híhun tó bo kéébù. Kí ẹ tó so ó, ẹ wọn bátìrì náà fúnra rẹ̀, torí pé bátìrì tuntun máa ń lé ní 9 V díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 9.4 V, mítà gbọ́dọ̀ ka 940 nA. Ẹ yí bátìrì padà, kó ka iye kan náà pẹ̀lú àmì nẹ́gátífù. Fún ìpele nA, ẹ fi 1 GΩ rọ́pò, kó ka 9.4 nA, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé 5% tàbí 10% ni ìpéye ọ̀pọ̀ rẹ̀sísítọ̀ GΩ; ẹ má fi èyí dá mítà lẹ́jọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí ẹ rí ló máa sọ ibi tí ẹ máa gbà. Bí ìpele kan ṣoṣo bá ń ṣi kà tí àwọn tó kù tọ̀nà, rẹ̀sísítọ̀ ìpele yẹn tàbí rílèé (ṣíwíìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa) tó ń yàn án ni. Bí gbogbo ìpele mítà bá fi ìdá kan náà ṣi kà lórí bátìrì, ẹ lọ sí fóltéèjì ìtọ́ka tí ṣíìpù tó ń sọ fóltéèjì di nọ́mbà ń lò, tàbí nọ́mbà àtúnṣe tó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ. Bí àṣìṣe náà bá jẹ́ iye kan náà bóyá ẹ fi iná wọlé tàbí ẹ kò fi wọlé, iná ń jò ní ẹnu ọ̀nà mítà. Bí pọ́sítífù bá dára tí nẹ́gátífù kò dára, ọ̀kan nínú iná inú, +15 V tàbí −15 V, tàbí trànsísítọ̀ ìhà kan, ló kú. Bí bátìrì bá sì fún yín ní nọ́mbà tó tọ̀nà, ẹ fi mítà sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá lọ ń fi ọwọ́ kan àbáwọlé tó dára yóò dá àìsàn tuntun sílẹ̀.

Iná tó ń bọ́ ẹ̀rọ

Bí ẹ̀rọ kò bá tàn rárá, ẹ wo fíúùsì àti ibi tí wọ́n ti ń yan iná ilé, 120 V tàbí 240 V. Fíúùsì tó já ní ìdí tó fi já. Ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú rọ́pò. Ẹ so gílóòbù onífílámẹ́ǹtì 60 W tẹ̀léra pẹ̀lú ẹ̀rọ kí ẹ tó tàn án: bí gílóòbù bá tàn gan-an tí kò rọlẹ̀, ohun kan ti ṣẹ́ mọ́ra wọn nínú (iná ń gba ibi tí kò yẹ kọjá), rẹktifáyà tàbí kàpásítọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí ó bá tàn, ẹ wọn iná inú rẹ̀, ẹ sì fi kọ́mọ̀nù apá tó ni ín ṣe ìdíwọ̀n, ẹ má fi àpótí irin ṣe é. Règúlétọ̀ 7805 (ṣíìpù tó ń mú fóltéèjì dúró sójú kan) gbọ́dọ̀ fún yín ní 4.8 V sí 5.2 V, 7815 ní 14.4 V sí 15.6 V, 7915 ní −14.4 V sí −15.6 V. Bí ó bá kéré, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà règúlétọ̀ náà kí ẹ tó yọ ọ́: 7805 nílò nǹkan bíi 2 V lé lórí ohun tó ń fún wa jáde. Ẹ yí mítà sí AC ní ibi kan náà. Bí AC bá pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tó sì ń ráyè kọjá, kàpásítọ̀ elektrolítíìkì ti gbẹ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń gbóná ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, torí pé ìwọ̀n ooru 10 °C tó bá lé e ń gé ọjọ́ ayé wọn sí ìdajì.

Bí ó bá jẹ́ orísun fóltéèjì

Bí fóltéèjì kò bá jáde rárá, ẹ kọ́kọ́ wo interlock, wáyà ààbò tó ń pa fóltéèjì gíga nígbà tí ìlẹ̀kùn àpótí àyẹ̀wò bá ṣí. Kò sí ohun tó ń fi àkókò jẹ oníṣẹ́ bíi plọ́ọ̀gì kékeré ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí ẹnì kan yọ tí kò dá padà.

Bí interlock bá dára, ẹ tẹ̀lé ọ̀nà àṣẹ. Nọ́mbà tí ẹ tẹ̀ máa ń di fóltéèjì kékeré láti inú DAC, ṣíìpù tó ń sọ nọ́mbà di fóltéèjì. Anífikún (ohun tó ń sọ àmì kékeré di ńlá) á wá fi í wé apá kékeré tó ti ọ̀dọ̀ àbájáde padà wá, á sì máa ti àwọn trànsísítọ̀ fóltéèjì gíga títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹ̀rọ tó ń sọ 10 V di 500 V gbọ́dọ̀ ní 2 V níbi DAC nígbà tí ẹ bá béèrè 100 V. Bí 2 V yìí bá wà níbẹ̀ tí àbájáde kò sì tọ̀nà, ìṣòro wà lẹ́yìn DAC. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn.

Àbájáde tó sáré lọ sí òkè tó sì dúró síbẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá béèrè, ní ẹlẹ́ṣẹ̀ méjì. Ọ̀kan ni trànsísítọ̀ tó ti ṣẹ́ pọ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjì. Ẹ fi ìpele dáyóòdù máltímítà wò ó nígbà tí gbogbo kàpásítọ̀ bá ti tú iná sílẹ̀. Èkejì ni rẹ̀sísítọ̀ tó ń dá apá kékeré yẹn padà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, anífikún kò rí nǹkan kan padà, á rò pé àbájáde ṣì wà ní òdo, á sì máa tì í lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, rẹ̀sísítọ̀ ńlá bíi mélòó kan tó tẹ̀léra ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ pa iná, ẹ wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi máltímítà 10 MΩ wọn fóltéèjì lórí rẹ̀sísítọ̀ 10 MΩ nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn: mítà yín ti sọ ọ́ di 5 MΩ, àbájáde náà yóò sì yí padà níṣojú yín.

Bí MOSFET (irú trànsísítọ̀ kan) bá jó, ẹ wo dáyóòdù zener tó ń ṣọ́ gate rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń darí rẹ̀, àti rẹ̀sísítọ̀ tó ń wọn ààlà iná kí ẹ tó fi tuntun sí i. Bí ẹ bá fojú fo ìyẹn, tuntun náà yóò jó ní kété tí ẹ bá tàn án. Ẹ pààrọ̀ mica tàbí rọ́bà tó wà láàárín rẹ̀ àti irin ìtútù, torí ihò abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ tó fún 500 V láti gbà kọjá.

Bí ó bá jẹ́ mítà

Ibí ni iṣẹ́ wà. Mítà yìí kì í fi rẹ̀sísítọ̀ dí iná lọ́nà bíi máltímítà. Anífikún kan ló ń gba iná wọlé, tó sì ń fi rẹ̀sísítọ̀ kan tó so àbájáde rẹ̀ padà mọ́ àbáwọlé sọ ọ́ di fóltéèjì. Bí 2 nA bá fẹ́ di 2 V, 1 GΩ ni rẹ̀sísítọ̀ náà. Fún 2 µA, 1 MΩ. Fún 2 mA, 1 kΩ.

Ohun tó wúlò jù níbí ni zero check, bọ́tìnnì tó ń ya anífikún kúrò lára àbáwọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìdérí irin wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́mbà bá ṣì jìnnà sí òdo, ẹ̀bi wà lára anífikún tàbí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá lọ sí òdo, tó sì tún padà sí nọ́mbà burúkú nígbà tí ẹ bá tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀, iná ń jò ní àbáwọlé: JFET (trànsísítọ̀ ẹnu ọ̀nà anífikún), dáyóòdù ààbò, rílèé, tàbí ìdọ̀tí.

Láti mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀ sí i, kí ooru lè fi bíi 10 °C gòkè. Iná tó ń jò gba inú JFET tàbí dáyóòdù máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bíi 10 °C kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́mbà bá gòkè bẹ́ẹ̀ tó sì padà wálẹ̀ bí ó ṣe ń tutù, ẹ ti mú un. Bí ooru bá ń mú nọ́mbà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kò sì padà sókè nígbà tó tutù, ọ̀rinrin ló ń gbẹ. Ẹ ṣe gbogbo èyí nínú òkùnkùn tàbí pẹ̀lú ìdérí irin inú lórí bọ́ọ̀dù. Dáyóòdù onígíláàsì ń bí iná nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, iná gílóòbù orí tábìlì nìkan sì tó láti mú yín wá àìsàn tí kò sí.

Bí mítà bá dúró ní òdo gbọnin, tí bátìrì àti 10 MΩ kò mì ín, tí zero check sì dára, rẹ̀sísítọ̀ ààbò tó wà tẹ̀léra ní àbáwọlé ti já. Fóltéèjì gíga tó ṣèèṣì wọlé ló máa ń já a. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé dáyóòdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò jò.

Rẹ̀sísítọ̀ ìpele náà ní ìwà tirẹ̀. Èyí tó kéré bíi 1 kΩ máa ń jó nígbà tí iná bá pọ̀ jù, iye rẹ̀ a sì gòkè, nítorí náà ìpele yẹn á máa kà jù bó ṣe yẹ. Èyí tó tóbi bíi 1 GΩ máa ń dọ̀tí, iná a sì máa gba orí ìdọ̀tí náà kọjá, nítorí náà ìpele yẹn á máa kà kéré. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun: nínu lè wo èkejì sàn, kò lè wo ti àkọ́kọ́. Ẹ má fi ìka mú ara rẹ̀; ẹ di wáyà rẹ̀ mú.

Bí anífikún bá kú, kì í ṣe èyíkéyìí ni ẹ lè fi rọ́pò. Ẹ fi irú kan náà sí i, tàbí èyí tí iná àbáwọlé rẹ̀ kéré tó: LMC6001A kò ju 25 fA lọ, AD549L kò ju 60 fA lọ. Bí ẹsẹ̀ àbáwọlé tẹ́lẹ̀ bá wà nínú afẹ́fẹ́ tàbí lórí òpó Teflon, ibẹ̀ náà ni kí ẹ dá tuntun padà sí. Ẹ má fi í mọ́ bọ́ọ̀dù, torí bọ́ọ̀dù ń jò. Ẹ fi isopropyl fọ oje lẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ ní 50 °C fún wákàtí mélòó kan.

Nọ́mbà tó ń mì ṣáá láìjẹ́ pé ó ṣi kà kì í sábà nílò ìtúnṣe. Ẹ wò ó bóyá wọ́n yan 60 Hz níbi tí iná ilé ti jẹ́ 50 Hz. Ẹ̀rọ tó ń fi 16.7 ms kà dípò 20 ms kò lè pa ìró iná ilé rẹ́.

Apá dígítà

Nọ́mbà tó gan sójú kan tí bọ́tìnnì kò yí padà sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bi optocoupler, ṣíìpù tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà láti apá tó léfòó wá sí apá tó so mọ́ ilẹ̀. LED inú rẹ̀ ń ṣú bó ti ń pẹ́. Bí fóltéèjì ìtọ́ka bá jẹ́ LM399, ẹ retí nǹkan bíi 6.95 V. Kí ẹ tó yọ bátìrì líthíọ́ọ̀mù tàbí ṣíìpù ìrántí, ẹ da nọ́mbà àtúnṣe inú rẹ̀ kọ síbòmíràn. Bí ó bá ti lọ, kò sí ohun tó lè mú un padà yàtọ̀ sí kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe ìdíwọ̀n látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ó má tún bàjẹ́

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún gbogbo ìdánwò bátìrì àti máltímítà ṣe lẹ́yìn wákàtí 1 ìgbóná, kí ẹ fi wé àwọn nọ́mbà tí ẹ kọ ní àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó so apá méjèèjì pọ̀: 10 V nínú 1 GΩ, kó fún yín ní 10 nA.

Ohun tó ń pa JFET àbáwọlé jù ni ohun tí wọ́n ń wọ̀n tó ṣẹ́ mọ́ra lójijì, tí 500 V sì já wọ mítà. Ààlà 2 mA kò lè gbà á sílẹ̀, torí pé iná tó wà nínú kéébù fúnra rẹ̀ kì í gba ibi ààlà kọjá. Kéébù mítà 3 tó ní 100 pF ní mítà kọ̀ọ̀kan ti tọ́jú 300 pF pa mọ́ ní 500 V. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 100 kΩ tó gba fóltéèjì yẹn tẹ̀léra ní ẹnu mítà, kì í ṣe ní ẹnu orísun. Bí gbogbo 500 V bá já wọlé, 5 mA ló máa rí kọjá, bẹ́ẹ̀ ní 1 nA, 0.1 mV péré ló máa jẹ níbẹ̀.